Ilé olówó kan ní Boston, àti àga tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí

Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ sí Back Bay, àdúgbò kan ní Boston, o. Ogójì ìṣẹ́jú ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń yípo kiri kí a tó rí ibi tí a máa páàkì sí, dọ́là 38 ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa fún wákàtí méjì péré. Ẹ̀gbọ́n mi ń kùn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. "Ilé olówó tó ti kú ni mo wá fi owó oúnjẹ mi wò!"

Gibson House ni ilé náà ń jẹ́, ojúlé 137, Beacon Street. Láti ìta, kò wú mi lórí: bíríkì pupa, ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tó há sáàárín àwọn ojúgbà rẹ̀. Opó kan, Catherine Hammond Gibson, ló ní kí wọ́n kọ́ ọ ní 1859 sí 1860. Edward Clarke Cabot ló ya àwòrán rẹ̀. Omi ni gbogbo àdúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó yanrìn wá láti Needham, ìlú kan nítòsí Boston, kí wọ́n fi dí i. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Lẹ́kí náà nìyẹn!" Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀gbọ́n mi ti là.

Ẹ wo ògiri ẹnu ọ̀nà. Ó ń dán bíi wúrà, ẹ máa rò pé awọ ni. Bébà ni o, láti Japan! Rosamond, ìyàwó ọmọ opó náà, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní 1890. Mo na ọwọ́, obìnrin tó ń mú wa kiri wò mí lẹ́ẹ̀kan, mo kó ọwọ́ sápò. Lókè, wọ́n fi àrán ṣe ilé kékeré kan fún ẹran ọ̀sìn. Ẹran ọ̀sìn ń gbé inú àrán, èmi ń san rẹ́ǹtì!

Ṣùgbọ́n ilé ìdáná tó wà nísàlẹ̀ ni n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Sítóòfù irin dúdú ràgàjì, èédú ni wọ́n fi ń dá a. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, tí púpọ̀ wọn wá láti Ireland, ń se oúnjẹ níbẹ̀, òkè pátápátá ni wọ́n sì ń sùn. Ẹ fojú inú wo orúnkún wọn lálẹ́.

Charles, ọmọ Rosamond, akéwì tó kú ní 1954, ló kẹ́yìn wọn níbẹ̀. Ó ti pinnu pé ilé náà máa di mùsíọ́mù, ló bá fi okùn dí àwọn àga, kódà nígbà tó ṣì ń gbé inú rẹ̀. Àlejò tó bá dé, orí àtẹ̀gùn ni kó jókòó sí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. Pálọ̀ Ìyá wa n'Ìbàdàn! Àga tí wọn kò yọ náílọ̀nù rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, tí àwa ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rín pa wá débi pé obìnrin yẹn ní láti dúró dè wá. Nígbà tí a rántí gáráàjì, wákàtí méjì ti kọjá.