Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa fífi ọwọ́ fa path (ìlà àwòrán lórí kọ̀ǹpútà): àrọ̀ ni kí ẹ fi gbìyànjú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bánà àti sítíkà ní Ẹ̀pẹ́, ẹ má ya ẹja lásán fún ẹlẹ́ja. Àwọn ìyá wa ní ọjà Olúwo mọ àrọ̀ yàtọ̀ sí ẹpìyà láti òkèèrè. Àrọ̀ ló sì ń kọ́ ọwọ́ jù: ara rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ tín-ín-rín.

Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, torí ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ F6 kí pẹ́ńsù jáde, kí ẹ wá wo Smoothing, iye tó ń mú ìlà jọ̀lọ̀, lókè kí ẹ tó fa ohunkóhun. Bí ó bá wà ní 4, gbogbo bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n ni yóò gbà sílẹ̀, node, ìyẹn àwọn ojú àmì tó di ìlà mú, á kún ara ìlà bí ẹni da ìrẹsì sílẹ̀. Mo máa ń fi sí 30 sí 40 fún ara ẹja, 15 fún ìrù. Ní 80, ẹnu ẹja á yọ́ bí ọṣẹ inú omi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí nìyí: ojú skríìnì ni Smoothing fi ń wọn nǹkan. Ìlà tí ẹ fà nígbà tí ẹ fẹ ojú iṣẹ́ sí 400% á ní node ju irú rẹ̀ tí ẹ fà ní 100% lọ. Ẹ fa ara ẹja ní 100%, kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́ lójú fún ẹyinjú.

Ẹ má rọra wọ́ ọ, ọwọ́ tó ń falẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan láti ẹnu dé ìdí ìrù, kí ẹ dúró. Láti tẹ̀ síwájú, ẹ gbé pẹ́ńsù sí òpin ìlà náà níbi tí onígun mẹ́rin kékeré ti ń yọjú. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ parí sí. Bí ẹ bá tàsé rẹ̀, path ò pa dé, àwọ̀ tí ẹ bá kùn ún á gba tààrà láàárín orí ìlà méjèèjì, á sì gé ikùn ẹja.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ F2, kí ẹ ka node. Ara àrọ̀ kò yẹ kó ju bíi 12 lọ. Ctrl+L máa dín wọn kù, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ ẹ́ léraléra kíákíá, torí ńṣe ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó. Èyí tó bá kù, ẹ fi Delete yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìlà ti yí padà ni node yẹ kó wà. Ẹ fi Shift+C sọ ti ẹnu di ṣónṣó, kí ẹ fi Shift+S mú ti ẹ̀yìn jọ̀lọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà máa ń ta gìrì níbi tí node bá ti há mọ́ra, etí sítíkà á sì ya nígbà tí ẹ bá ń ṣí i.

Ẹni tó ń lo Photoshop, Freeform Pen ni tiyín. Curve Fit rẹ̀ wà láàárín 0.5 àti 10, bí ó bá ṣe tóbi sí ni node ń dín kù. Kíákíá ni kí ẹ tẹ Work Path, ìyẹn path tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tí kò tíì lórúkọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fún un lórúkọ, kí òmíràn má bàa pa á rẹ́. Kí ẹ sì tọ́jú fáìlì kí iná tó lọ.

Irùngbọ̀n ló kù. Mẹ́jọ ni àrọ̀ ní, mẹ́rin tó tí ẹ bá yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ mú Triangle in tàbí Triangle out nínú Shape ti pẹ́ńsù Inkscape kí orí kan tín-ín-rín. Ẹ tẹ Shift+Ctrl+C láti sọ ọ́ di path gidi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé e.