Kẹ̀kẹ́ Fàájì: Ìjókòó Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Púpọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere láti máa fi najú nírọ̀lẹ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè iye jíà tó ní àti bóyá sípíríǹgì wà níwájú rẹ̀. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti inú igbó ni wọ́n máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Lójú tèmi, bí ẹ̀yìn yóò ṣe rí nígbà tí a bá jókòó sórí rẹ̀ ló yẹ kí á kọ́kọ́ bèèrè. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá rẹlẹ̀ ju ìjókòó lọ, ara á tẹ̀ síwájú, ìwúwo rẹ̀ á bọ́ sórí ọrùn-ọwọ́ méjèèjì, ọrùn á sì máa gbé orí sókè tipátipá kí ojú tó lè rí ọ̀nà. Ẹni tó ń sáré ìdíje lè fara da ìyẹn kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ ní Alágbàkà tàbí ní Ìjàpọ̀ nílùú Àkúrẹ́, tó fẹ́ máa kí àwọn ará àdúgbò, tó sì fẹ́ rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní ohun tó fẹ́ fi ìnira bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àwọn tíṣà àti àgbẹ̀ kòkó àtijọ́ nílẹ̀ wa mọ irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ dáadáa: Raleigh dúdú tó wá láti Nottingham, tí táyà rẹ̀ tóbi ní ínǹṣì 28, tí ọwọ́ rẹ̀ ga, tó sì tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún. Bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tó wù yín tí ọwọ́ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè fa irin tó gbé e dúró sókè, ṣùgbọ́n ẹ wo ara irin náà, nítorí ìlà kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí kò gbọdọ̀ yọ síta. Bí ó bá yọ, irin tó ṣẹ́ kù nínú férémù kò tó mọ́, ó sì lè já nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Ìjókòó gan-an ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ wò jù. Nígbà tí ẹ̀yìn bá nà gbọnrangandan, egungun ìdí méjèèjì ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo ara, nítorí náà ìjókòó tín-ín-rín ti kẹ̀kẹ́ ìdíje kò bá a mu. Ẹ gbé páálí, irú èyí tí wọ́n fi ń di indómì, sórí àga líle. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ̀yìn tọ́, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dìde, ẹ ó rí ojú méjì tó tẹ̀ wọnú páálí náà. Ẹ fi rúlà wọn àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Ìjókòó tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, kí egungun má baà máa jókòó sí etí rẹ̀. Èyí tó rọ̀ bí tìmùtìmù máa ń dùn ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá ti pẹ́ díẹ̀, egungun á rì wọnú rẹ̀, fóòmù á sì máa tẹ ẹran ara tó wà láàárín, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó le díẹ̀, kí sípíríǹgì sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sábà máa ń sọ pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀, kí ẹ má baà ṣubú.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, síbẹ̀ orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá nà tán láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pé. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ló nílò láti kan ilẹ̀. Fún ẹni tó ń wọ ìró, tàbí àgbàlagbà tí kò fẹ́ máa ju ẹsẹ̀ sókè, férémù tó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín ló dára jù, kí ìbòrí ṣéènì sì wà kí aṣọ má baà há.

Àkúrẹ́ kò tẹ́jú, nítorí náà n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà rárá, ṣùgbọ́n jíà 21 ti pọ̀ jù fún fàájì. Mẹ́ta sí méje tó, bí èyí tó kéré jù bá fúyẹ́ ní tòótọ́. Jíà mẹ́ta Sturmey-Archer, èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́), tí wọ́n ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ṣì wù mí jù: nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ń dín agbára tí ẹsẹ̀ nílò kù ní ìdá mẹ́rin kan, ẹ sì lè yí i nígbà tí ẹ bá dúró ní oríta, èyí tí jíà oníṣéènì kò gbà.

Ní ti tòkunbọ̀, bíréèkì ni kí ẹ fojú sí. Ẹ mú irin òòfà kékeré dání; bí ó bá lẹ̀ mọ́ ríìmù, irin ni, omi òjò sì máa ń mú kí bíréèkì rọ́bà yọ̀ lórí irin gan-an. Ríìmù alumíníọ̀mù sàn jù fún ìlú tí òjò ń rọ̀ lọ́pọ̀ oṣù. Ẹ di apá pẹ́dà mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì, bẹ́árín rẹ̀ ti jẹ, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.

Táyà tó fẹ̀, bíi ínǹṣì 1.75 sí 2, ṣe wá lóore ju sípíríǹgì iwájú olówó pọ́ọ́kú tó ń fi ìwúwo kún kẹ̀kẹ́. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gba kòtò mọ́ra. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tọ́ wà lára táyà, ẹ má sì jẹ́ kí fọkanáísà fà á kún títí tí yóò fi le bí òkúta. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gùn ún lọ sójú ọ̀nà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kí ẹ má gùn ún, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.