Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mo wò lónìí

Mo yà kí àbúrò mi ní láàbù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó, ẹ wá wo ẹ̀jẹ̀ yín." Ó gún mi níka (mo bẹ̀rù abẹ́rẹ́ o, ẹ má rẹ́rìn-ín), ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi etí gíláàsì kejì fà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó da aró lé e, ó fomi ṣàn án. Mo bá fojú sí maikirosikóòpù.

Ha! Sẹ́ẹ̀lì pupa lọ súà, róbótó-róbótó, àárín wọn tẹ̀ wọnú. Mo ń wá kókó inú wọn, èyí tó máa ń darí sẹ́ẹ̀lì, n kò rí i. Ó ní wọ́n ti tì í jáde nínú mùdùnmúdùn eegun, kí àyè lè gba hìmóglóbìn tó ń gbé ọ́síjìn. Wọn kò lè tún ara wọn ṣe mọ́, nǹkan bí 120 ọjọ́ péré ni wọ́n ń lò.

Ó wá gbé gíláàsì ẹlẹ́jẹ̀ SS síbẹ̀. Òmíràn ti tẹ̀ bí dòjé. Irú wọn ló ń há sínú iṣan tín-ín-rín, tí eegun ọmọ ọlọ́mọ fi ń ro ó. Wọn kì í sábà ju 20 ọjọ́ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá mi, AS ni yín. Ìyàwó wa lọ́nà ńkọ́?"

Mo ní ká kọ́kọ́ lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ná.