Báńkì tí ò fẹ́ gbowó wa

Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi l'Ọ́jà Ọba, l'Óṣogbo níbí, ni mo jókòó sí lánàá, mo wálé lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí láti Jámánì. Ohùn ẹ̀ ti há. "Bùọ̀dá mi, wọ́n tún ní kí n máa lọ." Báńkì kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ọkùnrin tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ fọwọ́ kan páṣípọ́ọ̀tù òun, ìdí bírò ló fi tì í padà lórí tábìlì, ó ní àwọn kì í fi irú ìwé yẹn ṣí àkáńtì.

Ó dùn mí wọra. Nǹkan tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn lọ́dún tí mo débẹ̀, obìnrin ni tèmi, ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń lé mi. Ẹ ṣáà mọ àwọn ọmọ báńkì tiwa tí wọ́n máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn Ọláìyá, tí wọ́n á máa bẹ èèyàn bíi pé gbèsè ni wọ́n jẹ ẹ́, "Dádì, ẹ kàn fọwọ́ sí i, fọ́ọ̀mù náà ò tó nǹkan." Lọ́hùn-ún èmi ni mo ń bẹ wọ́n.

Sípíkà ni mo fi fóònù sí, ìyá mi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn náà ni alájọ ẹ̀ dé, ó gba ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó sàmì sí káàdì, ó kọjá lọ. Ìyá mi wò mí. "Ọdún kọkànlá rèé tí ọmọ yẹn ti ń gbowó lọ́wọ́ mi, kò bi mí lórúkọ bàbá mi rí." Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bọ̀ sha. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́hùn-ún láìrí kọ́bọ̀, ọ̀gá ní àwọn kì í san káàṣì, kí n mú nọ́ńbà àkáńtì wá, báńkì ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé owó oṣù wá. Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni wọ́n gbé bàbá mi dé ọsibítù. Owó mi wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ìyá mi ń pè, mò ń wo fóònù níbi tó ti ń tàn lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ? Alájọ yẹn ló kó gbogbo owó orí káàdì fún un láìdúró dé ìparí oṣù, kò yọ ti ọjọ́ kan tó jẹ́ tiẹ̀, ó tún yá a lé e. Bàbá mi yè é. Títí dòní, ìyá mi ò bi mí ìdí tí mi ò fi gbé fóònù, àìbèèrè yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé òfin wà, mi ò kàn mọ̀ ni. Láti June 2016 ni ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé nínú àwọn orílẹ̀-èdè EU lọ́nà tó bófin mu ti lẹ́tọ̀ọ́ sí Basiskonto ní Jámánì, ìyẹn àkáńtì lásán téèyàn fi ń gbowó, tó sì fi ń sanwó, títí dórí ẹni tó sá wá sílùú, títí dórí ẹni tí ò nílé lórí. Wọ́n lè kọ̀ bí o bá ti ní òmíràn tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pé o ò ní ìwé owó oṣù, ìyẹn ò tó ìdí. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lọ́tọ̀, Antrag auf Abschluss eines Basiskontovertrags, ẹ ní kí wọ́n fún yín. Bí ẹ bá ti kún un tẹ́ ẹ fún wọn, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni wọ́n ní. Tí wọ́n bá máa kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí ẹ̀, ẹ̀yin á sì gbé e lọ sí BaFin, àwọn tó ń ṣọ́ báńkì. Wọ́n máa ń gbowó oṣooṣù lórí ẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ ná kọjá ohun tó wà níbẹ̀, àmọ́ owó iṣẹ́ á wọlé, owó ilé á jáde. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń lé wa, ẹnu lásán làwa náà sì fi ń bèèrè.

"Tí báńkì ọ̀hún bá wá dẹnu kọlẹ̀ ńkọ́?" Ìyá mi nìyẹn. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè, àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà báńkì ẹ̀ láyé ijọ́un, ní January 1998 nìkan, báńkì 26 ni CBN gba láísẹ́ǹsì wọn. Mo ní lọ́hùn-ún, bí báńkì bá kú, 100,000 yúrò ni ìdánilójú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú báńkì kọ̀ọ̀kan, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń wo ẹwà ilé báńkì mọ́, orúkọ wọn ni mò ń wá lórí ìwé BaFin, mo sì máa ń wò ó bóyá báńkì ni tàbí ápù lásán, torí àwọn ápù kan wà tí kì í ṣe báńkì rárá, ìdánilójú yẹn ò sì kàn wọ́n. Mo ní ilé níbí náà, May 2024 ni NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, gbé ìdánilójú tiwọn kúrò ní 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Heritage Bank sì kógbá wọlé.

"Mílíọ̀nù márùn-ún? Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ó so káàdì àjọ mọ́ etí ìró. "Tí wọ́n bá san án fún ẹnì kan tí mo mọ̀, wá sọ fún mi."

Mo tẹ orúkọ fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ sọ́mọ náà. Láàárọ̀ yìí ló fi fótò ẹ̀ ránṣẹ́, ó ti kún un, ó jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i. Ìyá mi gba fóònù, ó wò ó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́ ẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé wọ́n ń ka Sátidé?"

"Wọn ò kà á, mà."

Ó tún un kà.