Mustang tó wọ Kàbà, àti ẹsẹ̀ òsì bọ̀dá mi

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ sukúù ló há mi mọ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ Kérésì tó kọjá yìí ò jẹ́ kí n sinmi, mo ní kí n kúkú sọ ọ́.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bọ̀dá Texas là ń pè é nílé wa, Maryland ló ń gbé o, ẹ má bi mí, ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bi. Bọ̀dá ki ọkọ̀ kan sínú kọ́ńténà láti Amẹ́ríkà, ó gbà á ní Èkó, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ wà á wálé. Ford Mustang GT 2016, pupa fòò, V8 lítà márùn-ún, jíà mẹ́fà, mánúà, ìyẹn èyí tí awakọ̀ ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà. Alẹ́ tó wọ àdúgbò, àwọn adìẹ tó ti sùn jí. Tó bá kàn dúró lásán báyìí, bó ṣe ń dún nìyẹn, gbù gbù gbù, bí ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo lọ́jà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì da nǹkan sí i lẹ́nu.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni nǹkan bàjẹ́. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará ilé kojú àwọn tó ti òkè òkun dé, bọ̀dá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ní dandan iwájú lòun máa gbá. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gbé e jáde. Ọrùn ẹsẹ̀ ló rọ́. Òsì o, kì í ṣe ọ̀tún, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ọtò tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni, kò sí wàhálà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀, òsì kàn jókòó bí ẹni tó wá jẹun níbi ìnáwó ni. Mánúà ò gba ìyẹn, òsì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó yí jíà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni bàbá ìyàwó rẹ̀ máa ṣe ọgọ́rin ọdún ní Ẹ̀gbẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ̀ yẹn lòun máa gbé wọ àgbàlá àna òun. Ẹ kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí.

Àwọn ọmọkùnrin ilé wa pé mẹ́fà lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló ń wa Corolla àti Camry bí ẹni máa fò. Àkọ́kọ́ wọlé, ó tẹ búréèkì, ó tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ ò fọhùn. Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ kọ ọ́ sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pé kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀dá, kí ni ẹlẹ́kẹta yìí wà fún?" Mo rí i lójú bọ̀dá pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ. Ìkejì tan iná, ó ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára, ó sì kú. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ gbìyànjú, àmọ́ kò rí rìfáàsì. Ó ń ti jíà kiri bí ẹni ń ro àmàlà.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pe àǹtí yín?" Àǹtí náà lèmi tí mò ń ro ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá mi wa Peugeot 504 sítéṣọ̀n wágọ̀n fún ọdún tó ju ogún lọ, Kàbà sí Ìlọrin, nígbà mìíràn ó máa dé Èkó. Jíà rẹ̀ wà lára sítíárìn, mẹ́rin péré. Ìgbà tí mo pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé mi lọ sí ibi ọ̀nà kan tó gùn bí òkè, ó ní kí n dúró láàárín rẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà aláwọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sí ẹ̀yìn táyà. Ó ní, "Gbéra. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, wàá ra òmíràn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìyẹn ni bálánsì: kó o gbé kílọ́ọ̀ṣì sókè díẹ̀ títí ara ọkọ̀ á fi máa gbọ̀n, tí kò lọ síwájú, tí kò bọ̀ lẹ́yìn, kó o tó wá fún un ní tórótù, ìyẹn epo. Mo fọ́ bàtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ dúró sójú kan náà bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá mi kọ́ ikọ́ lábẹ́ igi, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló fi bò mọ́lẹ̀.

Nígbà yẹn náà ló sọ fún mi pé kí n má máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù, etí ni wọ́n fi ń yí jíà. Ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, o yí i sókè. Ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, o yí i wálẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó dáa, mo fọ ọwọ́ ẹ̀gúsí, mo bọ́ sítà. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo tẹ bọ́tìnnì, ó dáhùn. Lábẹ́ orí jíà yẹn òrùka kan wà tí èèyàn á fi ìka méjì gbé sókè kó tó lè ki í sí rìfáàsì, ẹ̀gbẹ́ jíà wáànù lápá òsì ni rìfáàsì wà. Mo gbé e sókè, mo fi ẹ̀yìn jáde ní géètì láìfarakan ògiri. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró, kò sẹ́ni tó lanu.

A gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, bọ̀dá gbé ẹsẹ̀ lé pílò níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ń dùn ún àmọ́ ẹnu ò dákẹ́. Òun ló pìtàn bí irú ọkọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní muscle car, ṣe bẹ̀rẹ̀, pé àwọn Pontiac gbé GTO jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 1964, ilé iṣẹ́ tó ni Pontiac ní òfin nígbà yẹn pé ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀ ò gbọdọ̀ gba ẹ́ńjìnì tó ju 330 cubic inch lọ, àwọn wọ̀nyí wá mú 389, ó tó lítà mẹ́fà àtàbọ̀ dín díẹ̀, wọ́n ki í sínú ọkọ̀ Tempest, wọ́n pè é ní àfikún tí oníbàárà lè fowó kún owó rà, kí òfin má bàa rí wọn mú. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ò sí níbì kan ṣoṣo láyé. Ọdún yẹn náà, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, ni Ford gbé Mustang jáde ní New York, kó tó pé ọdún kan wọ́n ti tà ju 400,000 lọ. Àwọn kan máa ń jà pé Mustang kì í ṣe muscle car gidi, ọkọ̀ tó kéré jù ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà. Ẹ́ńjìnì ńlá, ọkọ̀ kékeré, owó tí ọmọ òṣìṣẹ́ lè ṣa jọ, èmi ò rí ohun tó kù.

Lẹ́yìn náà ni 1973 dé, àwọn Lárúbáwá ti ẹnu epo pa mọ́ Amẹ́ríkà, epo wọ́n, òfin èéfín ọkọ̀ náà ti ń le sí i, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ́ńjìnì yẹn lọ́rùn. Ibí yìí ni mo ti dá bọ̀dá dúró. Mo ní, "Bọ̀dá, ọdún yẹn kan náà ni owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ tiwa." Owó Udoji tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, gbogbo ẹ̀ látinú owó epo ni. Ohun tó pa ọkọ̀ tiwọn ló bí ọkọ̀ bàbá mi. Bọ̀dá dákẹ́ fún bíi máìlì kan gbáko, ìyẹn ò sì wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa wíwà á. Họ́ọ̀sìpáwà 435 ló wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn, 504 bàbá mi ò pé ọgọ́rùn-ún. Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, mi ò dé jíà karùn-ún lẹ́ẹ̀kan péré. Kòtò ò jẹ́. Ikùn ọkọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ nalẹ̀, gbogbo kòtò ni mò ń bẹ̀, tírélà ń ti iwájú bọ̀, ọ̀kadà ń ti ẹ̀gbẹ́ yọ, láàárín Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ sí Mọ̀pà nìkan mo yí jíà títí apá fi ń dùn mí. Ẹni tó bá ní eré ni adùn irú ọkọ̀ yìí, kó wá wà á lọ́nà wa. Àní ọtò gan-an ló ń yára jù báyìí, àwọn Mustang tó jáde láti 2018 ní ọtò oníjíà mẹ́wàá tí ọwọ́ èèyàn kankan ò lè bá a sáré.

Bẹ́ẹ̀, inú mi dùn dé ibi tí mo ń tijú. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni ìgbà tí mo bá rí kòtò lókèèrè, tí mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí mo fún un ní tórótù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè gbéra, tí mo fà á láti jíà kẹta bọ́ sí èkejì, tó sì wọlé wẹ́lẹ́ láìjà, tí ọkọ̀ á dín eré kù fúnra rẹ̀ láìfọwọ́kan búréèkì, tí sàlẹ́ńsà á tú ohùn kan jáde lẹ́yìn, bí àgbàlagbà tó ń hanrun. Ọwọ́, ẹsẹ̀ méjèèjì àti etí, gbogbo wọn ní iṣẹ́. Nínú Corolla mi, mo lè ronú nípa owó sukúù àti ẹ̀fọ́ tó ń bàjẹ́ nílé. Nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò ráyè ro nǹkan kan. Mi ò mọ ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun kan bí mi nínú o. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tírélà dúró níwájú wa, mo múra bálánsì, mo ti rántí sálúbàtà, ọkàn mi ti ń lù. Ọkọ̀ ò yẹ̀. Ó di ara rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi méjì láìjẹ́ pé mo ṣe nǹkan kan. Bọ̀dá ní ẹ̀rọ kan ló wà níbẹ̀ fún òkè. Ta ló rán an níṣẹ́?

Ní Ìsánlú, a dúró lọ́dọ̀ fọ́kànáísà kan kó bá wa wo atẹ́gùn táyà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde. Gbogbo ọmọdé ń ya fọ́tò ẹṣin iwájú ọkọ̀, bàbá yìí ò wo ẹṣin, ó tẹ̀ba ní wíńdò mi, ó wo ilẹ̀, ó ka ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ lókèèrè nígbà tó ò ń fà á wálẹ̀, mo ní ìyẹn kì í ṣe ọmọdé. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dárúkọ bàbá mi.

"Onísítéṣọ̀n aláwọ̀ ewé?"

"Òun ni, sà."

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó fọwọ́ gbá òrùlé ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gáréèjì tí ọkọ̀ bá ti kún, ó padà lọ jókòó. Mo wa dé ìta ìlú kí n tó lè bá bọ̀dá sọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ tajà ra irú ẹ̀ o. Epo tó mu lọ àti bọ̀ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì nílé mi, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ẹ kúkú mọ bó ṣe rí, tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ bá sì jóná ní Kàbà, kò sí mẹkáníìkì tó máa fọwọ́ kàn án láìkọ́kọ́ gbàdúrà. Dídúró nínú gòsílóò Èkó pẹ̀lú mánúà, ìyà ni, bàbá mi gan-an máa ń bú èpè. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun, nǹkan ti há: Camaro tí Chevrolet ń ṣe ti kásẹ̀ nílẹ̀, Dodge ò to Challenger mọ́, láàárín ìparí 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni gbogbo ẹ̀ wọlé. Nínú irú ọkọ̀ yìí, Mustang ló kù tí wọ́n ṣì ń ki jíà mẹ́fà mánúà sí.

A dé Ẹ̀gbẹ̀, àna pàtẹ́wọ́, bọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá bí ọba. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ẹni tó wà á, mi ò sì bínú, ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ̀n, iyán ni mò ń wá.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé, ọmọ tó béèrè ẹlẹ́kẹta yẹn wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ́ mi." 504 bàbá mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé, bátìrì ẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ mánúà ò bẹ bátìrì, àwọn márùn-ún tó kù ti í, mo fi í sí túù, mo ju kílọ́ọ̀ṣì, ó kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde. A gbé e lọ sí pápá sukúù. Ó pa á lẹ́ẹ̀meje, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ń tì. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó gbéra láìta, ọmọ náà pariwo, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàgbé pé sítíárìn wà. Oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ló dá wa dúró. Ebè mẹ́rin. Ìyá tó ni oko ní òun ò ní gba owó báyìí, kí n dúró títí yóò fi tó ìgbà tí wọn ìbá wà á, kí òun lè mọ iye tó yẹ kó jẹ́.