Ẹ̀yìn ni òòrẹ̀ fi ń jà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọdẹ á gbé ajá wá bá yín, tí ẹ̀gún òòrẹ̀ á kún imú ajá náà bámúbámú. Ẹ má sáré mú ẹ̀mú.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè-Ògùn ni tèmi dé. Bàbá ọdẹ kan gbé ajá rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀gún mọ́kànlá ni mo kà: ní imú, ní ètè, lábẹ́ ahọ́n. Mo gún ajá lábẹ́rẹ́ oorun, mo fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí mo kà ti sọ pé ìkọ́ wẹ́wẹ́ wà lórí ẹ̀gún òòrẹ̀, pé ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣe é yọ. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo fọwọ́ ra orí ọ̀kan, ó ń dán bọ̀rọ́. Mo gbà pé ọwọ́ mi ló já fáfá.

Òòrẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìwé yẹn ń sọ. Ìyẹn ń gun igi, ẹ̀gún rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó tó 30,000 lára ẹran kan ṣoṣo. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìkọ́ orí rẹ̀ ló ń mú kó tètè wọlé, òun náà ló sì ń há a mọ́ ẹran ara. Ilẹ̀ ni tiwa ń gbé. Ẹ̀gún rẹ̀ kò ní ìkọ́, ṣùgbọ́n ó le, ó nípọn, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35. Jíjìn tó ń wọlé ni kí ẹ bẹ̀rù.

Òòrẹ̀ kì í ta ẹ̀gún rẹ̀ bí ọfà o, ẹni yòówù kó sọ bẹ́ẹ̀. Irun ni ẹ̀gún náà, ohun tí èékánná wa fi ṣe ló fi ṣe, kò sì dì mọ́ awọ pinpin. Òòrẹ̀ á kọ́kọ́ kìlọ̀: á na gbogbo ẹ̀gún sókè, á fẹsẹ̀ janlẹ̀, á mi ìrù, àwọn ẹ̀gún oníhò tó wà níbẹ̀ á máa ró bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ajá bá kọ̀ tí kò gbọ́, á kọ̀yìn sí i, á sì fi ẹ̀yìn rọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá tún gbé ajá dé. Kò jẹun mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fọwọ́ wá abẹ́ apá ọ̀tún, ibì kan wú, ó gbóná. Mo là á. Ọyún tú jáde, ẹ̀gún tó ti kán sì tẹ̀ lé e, ó gùn tó ìka àárín mi, orí rẹ̀ kọjú sí egungun ìhà. Láti ọjọ́ kìíní ló ti wà níbẹ̀, irun ló bò ó.

Bàbá wo ẹ̀gún náà, ó wò mí. “Dókítà, imú lo tẹjú mọ́. Eré ni ajá bá lọ, àyà ló fi kàn án. Ẹ̀yìn ni òòrẹ̀ fi ń jà.”

Àyà àti abẹ́ apá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá fọwọ́ tú irun ibẹ̀ kí n tó kan imú rárá. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀gún gbà wọlé ni kí ẹ fà á gbà. Àwọn kan á ní kí ẹ gé ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde; irọ́ ni, fífọ́ ló máa fọ́ sínú. Ẹ má sì gbójú lé X-ray, ẹ̀gún kì í sábà hàn níbẹ̀.

Ti lílì kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń ká jọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fokùn fà, ẹ̀gún rẹ̀ kì í sì í tètè ṣí kúrò lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí i tó ń fi itọ́ tó hó ra ẹ̀gún ara rẹ̀, ẹ má pariwo dìgbòlugi, ìṣe rẹ̀ ni.

Ajá yẹn yè. Bàbá ní tó bá ti gbóòórùn òòrẹ̀ báyìí, ṣe ló máa ń jókòó, á máa gbó láti òkèèrè.