Làkúrègbé kì í dá rìn

Bó bá jẹ́ irú làkúrègbé tí wọ́n ń pè ní rheumatoid arthritis ló ń ṣe yín, ẹ má gbà kí wọ́n kàn wo ọwọ́ àti orúnkún yín, kí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé.

Aránṣọ ni mí ní Mushin. Ìka mi ló kọ́kọ́ ń wú, tí kì í ṣeé ká títí oòrùn á fi mú. Àmọ́ sójà ara, ìyẹn agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà, tó yíjú padà tó ń bá oríkèé jà kì í dúró síbẹ̀. Ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè gbẹ omi ojú. Lọ́dọ̀ àwọn dókítà Yúróòpù, bí wọ́n bá ṣírò ewu àìsàn ọkàn fún ẹni tó ní in, wọ́n ní kí wọ́n fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n wọn BP mi, bí nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ń kánjú. Mo máa ń béèrè ti ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà.

Oògùn wa náà ní wàhálà tirẹ̀. Prednisolone máa ń mú ara yá kíá, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn. Bó bá pẹ́ lára, egungun á máa di ẹlẹgẹ́, ṣúgà á gòkè. Ẹ má sì dá a dúró lójijì o. Dókítà ni kó máa dín in kù. Diclofenac, oògùn ara ríro, tí èèyàn bá ń lò ó lójoojúmọ́, lè dá ọgbẹ́ sínú, kó sì ṣe kíndìnrín léṣe.

Ẹ wá wo àdàlù oògùn ara ríro tí àwọn kẹ́míìsì kan ń dì sínú ọ̀rá kékeré. Mo bi ọ̀kan léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà lò ó, ara á le." Mo ní kó fi páálí wọn hàn mí. Àwọn méjèèjì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ dókítà ti ń fún mi ní prednisolone! Mo dá a padà fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lo methotrexate, oògùn tó ń rọ sójà ara yẹn lójú. Lílo rẹ̀ lójoojúmọ́ lè pa èèyàn. Ẹ̀dọ̀ tó ń bá a yí, ẹ má tún da paraga sí i. Obìnrin tó bá ń lò ó kò sì gbọdọ̀ lóyún.

Ní Èkó, tí ara bá ti gbóná, ibà la ó pè é, oògùn ibà la ó rà. Àwa ò lè máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí oògùn wa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àìsàn jà kù. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì sọ pé methotrexate lẹ ń lò kí wọ́n tó kọ oògùn kankan, pàápàá Septrin tó ń pa kòkòrò àìsàn, nítorí àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé.